Ibùsùn Márùn-ún Tí Mo Kọ̀ Sílẹ̀ Ní Jọ́ọ̀sì

"Ẹ fi ọ̀rọ̀ ilé tí a máa sùn sí lé mi lọ́wọ́. Bí òtútù bá mú ẹnì kan ṣoṣo nínú yín ní Jọ́ọ̀sì, kí ó pè mí ní òpùrọ́ lójú ọmọ mi."

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ nìyẹn níwájú gbogbo ẹgbẹ́ ahunṣọ-òfì wa ní Ìséyìn, ní ìparí ọdún 1982. Mo dìde kí n tó sọ ọ́. Mo tilẹ̀ ká agbádá mi sí èjìká kí ọ̀rọ̀ náà lè wọ̀ wọ́n lára.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ó lé ní ọdún méjì tí mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí mì. N kò ní kí ẹ bá mi kẹ́dùn. Mo kàn fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi kí ẹ tó gbọ́ ọ lẹ́nu Bàṣírù, nítorí Bàṣírù máa ń fi iyọ̀ sí i.

Jímọ̀ ni orúkọ mi. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógójì ni mí nígbà náà. Nínú gbogbo ẹgbẹ́ wa, èmi nìkan ni mo lọ sí Pólì ní Ìbàdàn, nítorí náà èmi ni akọ̀wé. N kò mọ aṣọ hun. Ẹni tí ó bá mọ lẹ́tà kọ, kò sí ẹni tí í bi í bóyá ó mọ aṣọ hun.

Ohun kejì tí wọ́n mọ̀ mí mọ́ ni ẹ̀fẹ̀. Bí mo bá ń ṣe é, n kì í rẹ́rìn-ín. Lọ́dún kan, mo ka ìwé kan sí ẹgbẹ́ létí pé ìjọba ń bọ̀ wá gba owó orí lórí òfì, pé iye ẹsẹ̀ tí òfì bá ní ni wọn yóò kà. Èmi ni mo kọ ìwé náà fúnra mi. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni àwọn àgbà fi gbé òfì pamọ́ sínú àká. Nígbà tí wọ́n mọ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní, "Jímọ̀, ojú rẹ yìí kò jọ ojú òpùrọ́ rárá ni."

Mo kà á sí oríyìn.

Àpérò tí a fẹ́ lọ ní Jọ́ọ̀sì jẹ́ ti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ láti ibi gbogbo ní Nàìjíríà. Oṣù kìíní ọdún 1983 ni wọ́n fi sí. Amọ̀kòkò ń bọ̀, agbẹ́gilére ń bọ̀, ahunṣọ ń bọ̀. Nínú gbogbo aṣọ tí wọ́n bá gbé wá, ẹyọ kan ni wọ́n máa yàn. Wọn yóò gbé e kọ́ sínú ilé ńlá kan tí wọ́n ń kó ohun àbáláyé sí, wọn yóò sì kọ orúkọ ẹni tí ó hun ún sí abẹ́ rẹ̀.

Orúkọ yẹn ni Bàbá Ràmọ́nì ń wá.

Bàbá Ràmọ́nì ni olórí wa. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ọmọkùnrin mẹ́ta ni wọ́n bí, kò sì sí èyí tí ó jókòó ti òfì. Ọ̀kan ń wa tírélà, ọ̀kan ń ta páàtì mọ́tò ní Èkó, ọ̀kan ń ṣọ́ báńkì. Oṣù mẹ́jọ ni Bàbá fi hun aṣọ sányán kan ṣoṣo nítorí àpérò yìí. Ìyá Ràsáàkì, Àdìjátù tí í ran òwú fún ẹgbẹ́ wa, ni ó ran òwú rẹ̀, láti ara ìtẹ́ kòkòrò tí àwọn ọdẹ ń já fún un bọ̀ láti inú igbó ọ̀nà Ìwéré-Ilé. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí tíì tí wọ́n da mílíìkì sí. Bí o bá fọwọ́ kàn án, o kò ní fẹ́ gbọ́wọ́ kúrò.

"Jímọ̀," ni Bàbá wí fún mi, "àwọn ọmọ mi kò gbé iṣẹ́ yìí. Bí mo bá kú, ó tán nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kọ orúkọ mi sábẹ́ aṣọ yìí, ẹni tí kò mọ̀ mí rí yóò dúró, yóò sì pè mí."

"Wọn yóò pè yín títí ẹnu yóò fi ro wọ́n, Bàbá."

"Ṣáà bá wa wá ibi tí a máa sùn sí. Ìyẹn nìkan ni iṣẹ́ tìrẹ."

Ìyẹn nìkan ni iṣẹ́ tèmi.

Mo kọ lẹ́tà sí ibi méjì. Èsì kìíní wá láti ọ̀dọ̀ Ìyáàfin Mọ́ládé, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ Ṣakí, tí ó ń tọ́jú ilé àlejò ìjọ kan ní òdìkejì gbọ̀ngàn tí wọ́n fẹ́ lò. Yorùbá ni ó fi kọ ọ́. Ó ní: "Ẹ̀yin ará ilé mi, mo ti fi ibùsùn márùn-ún sílẹ̀ fún yín. Búláńkẹ́ẹ̀tì méjì méjì ló wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Omi gbígbóná ń bẹ láàárọ̀. Ọ̀nà lásán lẹ máa sọdá, ẹ ti dé gbọ̀ngàn. Ọtí kò gbọdọ̀ wọlé. Aago mẹ́jọ alẹ́ ni a ń ti géètì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọyẹ́ ibí wé ti ilé o."

Èsì kejì wá láti ọ̀dọ̀ Adékúnlé, ọ̀rẹ́ mi láti Pólì, tí ó ń ṣe akọ̀wé ní iléeṣẹ́ awakùsà kan níbẹ̀. Ó ní: "Jímọ̀, Múnláìtì Hòtẹ́ẹ̀lì ni. Àwọn olórin ń lù ú di ìdájí. Bíà wọn tutù bí imú ajá. Kò sì sí ẹni tí yóò mọ̀ ọ́."

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ni ó pa mí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ọgbọ̀n ọdún ni bàbá mi fi ṣe ládàánì ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa. Ní Ìséyìn, inú kọ́ọ̀bù tíì ni mo ti ń mu bíà, tí mo sì ń fẹ́ atẹ́gùn sí i bí ẹni pé ó gbóná. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi fẹ́ atẹ́gùn sí bíà. Ó rẹ̀ mí.

Ọjọ́ mẹ́ta ni lẹ́tà méjèèjì fi wà lórí tábìlì mi. Lọ́jọ́ kìíní, mo gbé ti Ìyáàfin Mọ́ládé sókè. Mo rò ó pé ó dáa. Lọ́jọ́ kejì, mo tún gbé e sókè, mo ka ibi tí ó ní kí ọtí má wọlé, mo gbé e kalẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, mo sọ fún ara mi pé ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì kò yẹ lẹ́ni tí wọ́n ń ti géètì mọ́ ní aago mẹ́jọ bí adìẹ.

Mo kọ̀wé sí i. Mo ní, "A dúpẹ́ púpọ̀, Ìyáàfin. A ti rí ibòmíràn tí ó sún mọ́ gbọ̀ngàn ju ti yín lọ."

Òdìkejì ọ̀nà ni tirẹ̀ wà. Ilé tí yóò sún mọ́ gbọ̀ngàn jù ú lọ, àfi kí ó wà nínú gbọ̀ngàn. N kò ronú débẹ̀. Mo buwọ́ lù ú, mo fi sítáǹbù sí i.

Ní ìpàdé, mo sọ fún wọn pé ilé Ìyáàfin Mọ́ládé ti kún.

"Ó kún?" Ìyá Ràsáàkì ni ó kọ́kọ́ fọhùn. "Nínú ọyẹ́? Ta ló ń lọ gbafẹ́ nínú ọyẹ́?"

"Àwọn amọ̀kòkò ni, Ìyá. Wọ́n pọ̀. Wọ́n sì ń kó ìkòkò wọn sùn tì wọ́n."

"Èyí tí o wá rí yìí ńkọ́, ṣé kò jìnnà?"

"Bí ẹ bá sín níbẹ̀, ará gbọ̀ngàn yóò kí yín."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín.

"Òtútù ńkọ́?" ni Bàbá Ràmọ́nì bi mí. "Mo gbọ́ pé ti Jọ́ọ̀sì ń pa ewúrẹ́. Mo fẹ́ di kíjìpá mi mẹ́ta lọ."

Ibí ni mo ti ṣe àṣìṣe tí ọmọ Òkè-Ògùn nìkan ló lè ṣe é. Ọyẹ́ ilẹ̀ wa, a mọ̀ ọ́n. Láti oṣù kọkànlá ni ètè wa ti ń bẹ́, tí ẹsẹ̀ wa ń funfun bí ẹsẹ̀ ẹni tó gún èlùbọ́. Àwa tí a ti mọ ọyẹ́ láti kékeré, a gbà pé kò sí ọyẹ́ mìíràn.

"Bàbá," ni mo wí, "ọyẹ́ wo ni yóò wá kọ́ ará Ìséyìn ní ọyẹ́? Ẹnu lásán ni àwọn ará Jọ́ọ̀sì ń fi mú òtútù wọn tóbi, kí owó ilé wọn lè wọ́n. Ẹ má di ẹrù lé ẹrù. Aṣọ sányán nìkan tó ó gbé."

Bàbá wo ojú mi. Wọ́n fi kíjìpá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀ nílé.

Àwa márùn-ún la lọ: Bàbá Ràmọ́nì, Ìyá Ràsáàkì, Bàṣírù tí ó jẹ́ ahunṣọ tí ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ lọ, èmi, àti Isaac tí ó wa bọ́ọ̀sì. Ọjọ́ méjì la fi rìn. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì la wọ Jọ́ọ̀sì. Isaac dín eré kù níwájú ilé gbàgede kan tí wọ́n fi àsíá yí ká.

"Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé, gbọ̀ngàn nìyí. Hòtẹ́ẹ̀lì dà?"

"Máa lọ díẹ̀ sí i."

Ó lọ díẹ̀ sí i. A kọjá ọjà. A kọjá ilé epo. Ilé bẹ̀rẹ̀ sí í jìnnà síra wọn. Ó ku òkúta àti igi orọ́ tí wọ́n fi ṣe ọgbà oko.

"Ẹ̀gbọ́n," ni Isaac tún wí, "ṣé ìlú kan náà la ṣì wà?"

"Máa lọ."

Bàṣírù fi orí gbá gíláàsì fèrèsé. "Wọ́n ní bí a bá sín, wọ́n máa kí wa ní gbọ̀ngàn. Bóyá rédíò ni wọ́n máa fi kí wa."

Máìlì mọ́kànlá ni. Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, èémí ẹnu wa ń jáde bí èéfín. Ìyá Ràsáàkì fọwọ́ bo ẹnu. Ó rò pé nǹkan ń jó nínú òun.

Ọ̀dọ́bìnrin tó wà nídìí tábìlì fún wa ní kọ́kọ́rọ́ mẹ́rin. Isaac ní inú bọ́ọ̀sì ni òun máa sùn, pé ibẹ̀ dá òun lójú jù. Mo béèrè búláńkẹ́ẹ̀tì.

"Búláńkẹ́ẹ̀tì?" ni ọ̀dọ́bìnrin náà wí. "Ọ̀gá, àwọn tó ń wá síbí kì í sùn."

Fèrèsé yàrá Bàbá kò pa dé. Aṣọ tí wọ́n tẹ́ sórí ibùsùn fẹ́lẹ́ débi pé o lè ka ìwé ìròyìn láti ẹ̀yìn rẹ̀. Bàbá fi omi tútù ṣe àlùwàlá. Láti ìgbà yẹn ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́.

"Bàbá," ni Ìyá Ràsáàkì wí, "ẹ tú aṣọ yẹn kí ẹ fi bora. Òwú tí mo ran ni, mo mọ̀ ọ́n. Ó móoru."

Bàbá Ràmọ́nì mirí. "Àdìjátù, o mọ̀ pé a kì í ṣe é. Aṣọ tí a hun kí ayé lè rí, ahunṣọ kì í kọ́kọ́ sùn nínú rẹ̀. Ara ẹni kì í ṣíwájú ojú oníbàárà." Wọ́n wá yíjú sí mi. "Jímọ̀, gbé e sí yàrá tìrẹ. Eruku ń gba fèrèsé tèmi wọlé. Ọ̀dọ̀ rẹ ni ọkàn mi balẹ̀ sí jù."

Mo gbé e. Ọ̀dọ̀ mi ni ọkàn wọn balẹ̀ sí jù.

Ẹ̀yin òǹkàwé, n kò ní fi àkókò yín ṣòfò lórí ohun tí mo ṣe lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo sọ fún wọn pé mo ń lọ wá omi gbígbóná. Adékúnlé ti ń dúró dè mí. Ìlù dùn. Bíà náà tutù lóòótọ́. Nínú irú òtútù yẹn, ẹni tó ń mu bíà tútù dà bí ẹni tó ń bu omi sínú odò, ṣùgbọ́n mo mu ún láìfẹ́ atẹ́gùn sí i. Mo mu ìgò kan, mo mu òmíràn. Mo fi èyí tó ṣẹ́kù pamọ́ sábẹ́ agbádá, mo gbé e lọ sí yàrá.

Nígbà tí mo dùbúlẹ̀, eyín mi bẹ̀rẹ̀ sí í lu ara wọn. Mo ká ẹsẹ̀ kò. Mo wọ bàtà. Mo wọ agbádá lé agbádá. Òtútù kò mọ̀ pé Pólì ni mo lọ.

Mo wo ẹrù aṣọ náà. Mo ní, igun rẹ̀ kan ṣoṣo ni màá tú, kí n fi bo ẹsẹ̀. Mo tú igun kan. Ẹsẹ̀ gbóná, orúnkún ń jowú. Mo tú u dé orúnkún. Kò pẹ́, mo ti wà nínú rẹ̀ pátápátá bí ọmọ tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀.

Ó móoru, ẹ̀yin ará. Mo sùn nínú oṣù mẹ́jọ Bàbá Ràmọ́nì, mo sì ń gbọ́ ikọ́ wọn láti ẹ̀yìn ògiri. Ikọ́ náà kò dáwọ́ dúró. Mo fa aṣọ bo etí.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, mo ká aṣọ náà bí mo ṣe bá a. N kò tan iná. Bí mo bá tan iná ni, ǹ bá ti rí ìgò tí ó ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ǹ bá sì ti rí ibi tí ó ṣàn lọ.

Bọ́ọ̀sì kọ̀, kò jí. Isaac ní òtútù ti mú ẹ́ńjìnnì. A tì í. Bàbá náà fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ tì í, Ìyá Ràsáàkì ní bí wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀ òun á bú sẹ́kún. Aago mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú méje la wọ gbọ̀ngàn. Aago mẹ́sàn-án géérégé ni wọ́n fẹ́ wo aṣọ.

A kò tíì jókòó dáadáa tí obìnrin kan fi gba àárín àga wọlé wá, ó fi gèlè dúdú wé orí, ó gbé fúláàsì ńlá kan dání.

"Ẹ̀yin ará Ìséyìn! Ẹ káàbọ̀ o! Ẹ kú ewu ọ̀nà! Mọ́ládé ni mí, mo bá yín gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá." Ó bu ẹ̀kọ, ó kúnlẹ̀ gbé e fún Bàbá. "Bàbá, ọwọ́ yín yìí mà tutù o! Ta ni Akọ̀wé Jímọ̀ nínú yín?"

Mo gbójú sókè, mo ń wo àjà gbọ̀ngàn. Àjà náà dára.

"Òun nìyí," ni Bàṣírù wí.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Akọ̀wé. Ẹ̀yin lẹ kọ̀wé pé ẹ ti rí ilé tó sún mọ́ gbọ̀ngàn ju tèmi lọ. Láti ìgbà náà ni mo ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Mi ò rí ilé kankan. Ibo ni?"

Bàṣírù wò mí, ó sì yíjú sí obìnrin náà.

"Mà," ni Bàṣírù wí, ohùn rẹ̀ ti yí padà, "ilé yín kọ́ ni wọ́n ní ó kún?"

"Kún bí ti báwo? Ibùsùn márùn-ún ló ṣófo lánàá. Mi ò fún ẹlòmíràn, mo ní ará ilé mi lè yí èrò padà." Ó ṣí pọ́ọ̀sì rẹ̀, ó fa ìwé kan yọ. "Lẹ́tà wọn rèé."

Bàṣírù gbà á. Pírámárì mẹ́fà ló kà. Ó kà á sókè bí ọmọ iléèwé, ó ń fi ìka tẹ̀ lé e: "A... dúpẹ́... púpọ̀..." Ó kà á títí dé orúkọ mi. Ó ka orúkọ mi lẹ́ẹ̀mejì.

Mo ní, "Ẹ̀fẹ̀ ni."

Ìyá Ràsáàkì wò mí. "Ẹ̀fẹ̀? Bàbá wúkọ́ mọ́jú, o pè é lẹ́fẹ̀? Ta ló bá ọ rẹ́rìn-ín sí i?"

Ibẹ̀ ni wọ́n ti pe Ìséyìn.

Bàbá Ràmọ́nì dìde. Wọ́n gba ẹrù aṣọ lọ́wọ́ mi, wọ́n rìn lọ síwájú, èmi náà sì tẹ̀ lé wọn nítorí èmi ni mo máa ń túmọ̀ èdè Òyìnbó fún wọn. Wọ́n tú aṣọ náà sórí tábìlì gígùn. Gbogbo gbọ̀ngàn ṣe "háà." Bàbá agbẹ́gilére kan dìde dúró lórí àga kí ó lè rí i dáadáa.

Olórí àwọn adájọ́, ọkùnrin kúkúrú kan tí ó wọ awò, fi ẹ̀yìn ọwọ́ ra á. Ó sọ̀rọ̀.

"Kí ló wí?" ni Bàbá bi mí.

"Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti dáyé, òun kò rí irú sányán báyìí rí."

Bàbá rẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí eyín wọn láti ìgbà tí a ti kúrò nílé nìyẹn.

Ọkùnrin náà tún ṣí aṣọ síwájú. Ó dúró. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbóòórùn. Ó pe ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, òun náà gbóòórùn. Àmì kan wà láàárín aṣọ, ó tóbi tó àtẹ́lẹwọ́, ó yí po, etí rẹ̀ dúdú. Ọkùnrin náà sọ̀rọ̀, àwọn tó gbọ́ Òyìnbó nítòsí sì bú sẹ́rìn-ín.

"Jímọ̀, kí ló wí?"

Ẹ̀yin òǹkàwé, mo lè purọ́ níbẹ̀. Ojú mi wà lára mi, kò sí ohun tó ṣe é. Mo lè sọ pé ó ní ó dára. Mo ya ẹnu, irọ́ náà kò wá.

"Ó ní òórùn kan wà lára aṣọ, Bàbá."

"Òórùn kí ni?"

"Ó ní ṣé ohun tí àwọn ará Ìséyìn fi ń rẹ òwú ni bíà."

Bàbá wo àmì náà. Wọ́n fi ìka tẹ̀ ẹ́. Wọ́n gbé ìka sí imú. Lẹ́yìn náà, wọ́n wò mí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ojú mi ni wọ́n wò. Agbádá mi ni wọ́n wò. Fọ́nrán òwú sányán kan ṣì lẹ̀ mọ́ àyà rẹ̀. Wọ́n fi ìka méjì yọ ọ́.

"Ṣé ó móoru, Jímọ̀?"

"Ó móoru, Bàbá."

"Ó dáa." Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ wọn. "Mo mọ̀ pé yóò móoru."

Aṣọ obìnrin kan láti Òkènè ni wọ́n yàn. Mo gbọ́ nígbà tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀. Wọ́n pè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Ilé Ìyáàfin Mọ́ládé la sùn lálẹ́ ọjọ́ kejì. Nígbà tí ó ń pín búláńkẹ́ẹ̀tì, ó dúró níwájú mi, ó wo Bàbá. "Ti Akọ̀wé ńkọ́, Bàbá?"

"Ẹ fún un," ni Bàbá wí. "Òtútù ń mú òun náà."

Àṣà àwọn ahunṣọ wa ni pé ẹni tó bá ba aṣọ ẹlòmíràn jẹ́ kò ní fi owó tán an. Yóò jókòó sídìí òfì, yóò hun èyí tó bàjẹ́ padà, bí ó tilẹ̀ gbà á ní ọdún mẹ́wàá. Kò sí ẹni tó rán mi létí. Èmi ni mo kọ òfin náà sínú ìwé ẹgbẹ́, ọwọ́ mi ló wà níbẹ̀.

Awẹ́ mẹ́ta, nínú àwọn aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí a rán pọ̀ di odidi, ni bíà náà bà jẹ́. Bàbá fi abẹ tú wọn kúrò lára ìyókù, wọ́n kó ìyókù sínú àpótí. Ìyá Ràsáàkì ní àfi kí òun tún ran òwú, àfi kí àwọn ọdẹ sì tún rí ìtẹ́ kòkòrò. Ó ran án. Kò bá mi sọ̀rọ̀ fún oṣù mẹ́fà, ṣùgbọ́n ó ran án.

Bàṣírù ni wọ́n fi ṣe ọ̀gá mi. Ọdún mẹ́wàá ni mo fi jù ú lọ. Lójoojúmọ́, bí mo bá ti kúrò ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́, màá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, màá dọ̀bálẹ̀, màá ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ọ̀gá." Yóò ní, "Akọ̀wé, ọwọ́ rẹ le. Ṣé bíà kò sí lónìí tí yóò fi rọ̀ ni?" Fún odidi oṣù mẹ́ta, òwú lásán ni mo ń ká. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan ọ̀kọ̀, igi tí a fi ń ju òwú la aṣọ kọjá.

Bí ẹ bá fẹ́ ẹ̀kọ́, ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ni mo ní. Bí wọ́n bá ní kí ẹ wá ilé fún àgbàlagbà, ibi tí àgbàlagbà yóò ti sùn ni kí ẹ wá. Èmi wá ibi tí èmi kò ní sùn.

Wọn kò tún pe irú àpérò bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìjọba yí padà, ọ̀rọ̀ náà sì bá a lọ. Bàbá Ràmọ́nì ṣì wà láyé. Ikọ́ náà kò tán nílẹ̀ bọ̀rọ̀, ojú wọn sì ti ń ṣe bàìbàì. Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti rọlẹ̀, wọn yóò wá jókòó sórí àpótí kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ òfì mi. Wọn kì í sọ̀rọ̀ Jọ́ọ̀sì. Wọ́n kàn máa ń na ọwọ́, màá gbé ohun tí mo hun lọ́jọ́ náà lé wọn lọ́wọ́, wọn yóò sì fi àtàǹpàkò tọ̀ ọ́ láti òpin dé òpin.

Awẹ́ kejì ni mo wà báyìí.

Lánàá, mo hun tó ìgbọ̀nwọ́ kan. Bàbá fọwọ́ tọ̀ ọ́, wọ́n lọ, wọ́n lọ, wọ́n dúró.

"Níbí," ni wọ́n wí.

Mo tú u, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.